Orin tí ìyáàlù rẹ̀ dákẹ́: kí ni wọ́n ń pè ní ambient, báwo la sì ṣe ń wá èyí tó dára?

Ìyá aránṣọ kan wà lẹ́yìn ọjà Sábó ní Ìkòròdú níbí tó jẹ́ pé ìbéèrè kan náà ni àwọn oníbàárà máa ń bi í lójoojúmọ́. Fóònù àtijọ́ kan wà lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló kó orin sí i kó tó padà sí yunifásítì. Orin náà ò ní ìlù, kò sì ní akọrin. Ohùn kan á rọra wọlé bí èéfín, á dúró díẹ̀, òmíràn á wá bá a, àwọn méjèèjì á jọ máa lọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ màmá á máa dún tẹ̀-tẹ̀-tẹ̀ lé e lórí. Oníbàárà á wọlé, á dẹ etí sí i díẹ̀, á ní, “Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Fóònù yín mà ń hó, àbí spíkà ẹ̀ ló ti bàjẹ́?” Ẹnìkan tiẹ̀ ní kí wọ́n pa á, pé irú ohùn tó máa ń dún nínú fíìmù nígbà tí òkú bá fẹ́ jí nìyẹn.

Lọ́jọ́ Sátidé tí mo lọ gba ṣòkòtò mi, màmá ní kí n jókòó. “Ìwọ tó máa ń fi nǹkan sétí kiri yìí, wá ṣàlàyé fún mi. Ṣé orin lèyí àbí kì í ṣe orin? Tó bá jẹ́ orin, kí ni wọ́n ń pè é? Mo fẹ́ òmíràn, ọmọ mi ò sì sí nílé.” Mo ṣàlàyé díẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò tán lẹ́nu mi. Ohun tó yẹ kí n sọ fún un ni mo wá kọ síbí.

## Orúkọ mẹ́ta tí wọ́n máa ń pa pọ̀

Electronic, ambient, dream pop: ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó máa ń da àwọn ènìyàn láàmú nìyí. Wọ́n máa ń pè wọ́n bí ẹni pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tí orúkọ kọ̀ọ̀kan ń ṣe yàtọ̀.

Electronic ń sọ ohun èlò tí wọ́n fi ṣe orin. Tí ó bá jẹ́ pé iná mànàmáná ló ń bí ohùn náà, dípò awọ, okùn tàbí èémí ẹnu, electronic ni. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú ohun èlò wọ̀nyí ni synthesizer. Ó jọ kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ ẹni tó wà nídìí ẹ̀ lè yí bọ́tìnì rẹ̀ títí yóò fi rí ohùn tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí. Robert Moog, ará Amẹ́ríkà, gbé tirẹ̀ jáde lọ́dún 1964. Láàárín 1977 sí 1985, William Onyeabor ti ń fi synthesizer ṣe àwo orin ijó kan tẹ̀ lé òmíràn ní Enugu. Ẹni tó ń jó amapiano níbi ìnáwó ní Agric náà, electronic ló ń jó. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà nígbà tí ènìyàn bá sọ fún mi pé òun ò gbọ́ irú orin bẹ́ẹ̀ rí.

Ambient ń sọ iṣẹ́ tí orin ń ṣe. Orin tí wọ́n ṣe kó lè yí bí ibì kan ṣe rí padà ni, yálà ẹnikẹ́ni kọjú sí i tàbí kò kọjú sí i. Ẹ ro ti tùràrí wò. Ẹni tó jó tùràrí sínú yàrá kò ní kí ẹ wá jókòó kí ẹ máa wo èéfín. Ẹ lè máa ka ìwé yín, ẹ lè máa ṣa ẹ̀wà. Àmọ́ yàrá náà ti yàtọ̀, ara yín sì ti mọ̀ kí ọkàn yín tó mọ̀. Ohun tí tùràrí ń ṣe fún imú ni ambient ń ṣe fún etí. Wọ́n lè fi synthesizer ṣe é. Wọ́n sì lè fi dùùrù, háápù, tàbí ìró òjò ṣe é.

Dream pop ń sọ bí wọ́n ṣe kọ orin. Ó ní gìtá, ó ní akọrin, ó ní ẹsẹ orin bí orin yòókù, ṣùgbọ́n wọ́n ri ohùn akọrin mọ́ àárín ohun èlò débi pé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kì í hàn ketekete. Àwọn tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ ni Cocteau Twins, láti ìlú Grangemouth ní Skọ́tíláǹdì. Elizabeth Fraser tó ń kọrin fún wọn máa ń lo ohùn bí ẹni ń fọn fèrè: ẹ lè má mọ ohun tó ń sọ, ẹ ó sì mọ bó ṣe ń ṣe é. Kò yẹ kí èyí ṣòro fún wa rárá. Mélòó nínú àwọn ìyá wa ló ti sunkún nídìí orin fíìmù Íńdíà láìgbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀?

## Kí ló dé tí etí wa kì í tètè gbà á?

Lójú tèmi, ibí ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà. Etí tó ń wá ọ̀rọ̀ ni etí Yorùbá. Tí ìlù bá dún, ohun tí a kọ́kọ́ máa ń bi ara wa ni pé, “Kí ló ń wí?” Ìyáàlù ń kini, ó ń búni, ó ń jí ọba lójú oorun. Akọrin lè sinmi kó mumi, onílù á ṣì máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Ẹni tó dàgbà sínú irú orin bẹ́ẹ̀, tó wá gbọ́ èyí tí kò wí nǹkan kan fún odindi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á rò pé kò tíì bẹ̀rẹ̀ ni, tàbí pé fóònù ló bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀wọ́ dùndún wò ó. Ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀. Kẹríkẹrì, ìsáájú, gúdúgúdú, ohun kan náà ni kálukú wọn ń tún ṣe lábẹ́ rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ ìyáàlù lè ríbi dúró. Ẹ wá rò ó pé ìyáàlù dákẹ́. Kò bínú lọ sílé o, ó gbé ìlù kọ́ apá, ó ń gbọ́. Àwọn tó kù ń bá a lọ. Wọ́n wá ń falẹ̀, wọ́n ń falẹ̀ sí i, títí àlàfo tó wà láàárín ìlù kan sí èkejì fi fẹ̀ tó ibi tí ènìyàn lè wọ̀ jókòó. Inú àlàfo yẹn ni ambient ń gbé. Kò ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá yín sọ, ibì kan ló fẹ́ ṣí sílẹ̀ fún yín. Tí ẹ bá ń bi í pé kí ló ń wí, á sú yín kíákíá. Ẹ bi í pé ibo ló gbé yín wá.

Mo bi màmá aránṣọ ohun tí onípíánò ṣọ́ọ̀ṣì wọn máa ń ṣe tí pásítọ̀ bá wọnú àdúrà. Ó ní, “Á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò ní gbọ́wọ́ kúrò, á máa dún lọ jẹ́jẹ́ lábẹ́ àdúrà.” Mo ní òun náà nìyẹn. Ká ní wọ́n yọ ohùn pásítọ̀ kúrò, kí wọ́n fi ti onípíánò sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, nǹkan tó wà lójú fèrèsé yín yìí ló máa kù. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ń wo fóònù náà.

## Ta ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òyìnbó ló ni ín látòkè délẹ̀. Inú mi máa ń dùn láti sọ ìtàn ti Káíró fún irú wọn. Lọ́dún 1944, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Íjíbítì kan, Halim El-Dabh, yá ẹ̀rọ kan nílé iṣẹ́ rédíò, irú èyí tó ń gba ohùn sílẹ̀ sórí wáyà. Ó gbé e lọ síbi zaar, ètò ìwòsàn tí àwọn obìnrin máa ń fi orin àti ìlù ṣe. Nígbà tó gbé ohùn náà padà dé ilé iṣẹ́ rédíò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára rẹ̀, ó ń fi ìdún bíi ti inú ilé òfìfo kún un, títí ohùn àwọn obìnrin náà fi di bí atẹ́gùn tó ń kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, ní 1948, ni Pierre Schaeffer, ará Faransé, tó fi ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ṣe orin tirẹ̀ ní Páríìsì, tí ọ̀pọ̀ ìwé sì ń pe tirẹ̀ ní àkọ́kọ́.

Èrò pé orin lè wà nílẹ̀ bí àga àti tábìlì, kí a má kọjú sí i, ti Erik Satie ará Faransé ni, láti 1917. Nígbà tí wọ́n fi orin náà hàn ní gbangba lọ́dún 1920, ńṣe ni àwọn ènìyàn dákẹ́ tí wọ́n ń gbọ́. Satie wá ń rìn kiri láàárín wọn, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ.

Ẹni tó wá fún un lórúkọ ambient ni Brian Eno, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe kọ ọ́, lọ́dún 1975, jàǹbá ọkọ̀ gbé e dùbúlẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ obìnrin kan wá kí i, ó mú àwo orin háápù lọ́wọ́. Lẹ́yìn tí ọ̀rẹ́ náà lọ, Eno fi tipátipá dìde gbé àwo náà sórí ẹ̀rọ, ó padà dùbúlẹ̀ kó tó rí i pé ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù, pé ọ̀kan nínú spíkà méjèèjì ò sì dún. Kò lágbára láti tún dìde. Òjò ń rọ̀ níta. Ó wà níbẹ̀, háápù àti òjò wọnú ara wọn, ó sì yé e pé orin lè di ara ibi tí ènìyàn wà, bí ìmọ́lẹ̀ àti òjò ṣe jẹ́ ara rẹ̀. Ní 1978 ó gbé àwo kan jáde tó ṣe fún pápákọ̀ òfuurufú, ó sì kọ ambient sára rẹ̀.

Bó ṣe ṣe apá kan nínú àwo yẹn dára láti mọ̀, torí ó tan ìmọ́lẹ̀ sí gbogbo irú orin yìí. Ó gba ohùn obìnrin sílẹ̀ sórí téèpù, ẹyọ ohùn kan lẹ́ẹ̀kan. Ó gé téèpù náà, ó so orí mọ́ ìdí, ó wá ń yí po láìdúró. Ọ̀kan ń padà wá lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 23, èkejì lẹ́yìn bíi 26, ẹ̀kẹta lẹ́yìn bíi 30. Ó jẹ́ kí gbogbo wọn jọ máa yí, ó sì fi wọ́n sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà ti mọ ìṣirò yìí tipẹ́. Ọjà tí wọ́n ń ná lọ́rọọrún máa ń padà lẹ́yìn ọjọ́ 4. Jímọ̀ máa ń padà lẹ́yìn ọjọ́ 7. Tí ọjà bá bọ́ sí Jímọ̀ lónìí, ó di ọjọ́ 28 kí wọ́n tó tún pàdé. Láàárín ìyẹn, ọjà á bọ́ sí Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, á bọ́ sí Sátidé, kò ní sí ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ léra tó máa jọra. Ohun méjì tó rọrùn ló bí gbogbo ìyàtọ̀ yẹn. Bí ohùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá wá ń yí po lọ́nà bẹ́ẹ̀, tí gígùn wọn ò dọ́gba, ẹ lè máa gbọ́ wọn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kí wọ́n má pàdé bí wọ́n ṣe pàdé lẹ́ẹ̀kan. Ó dà bí ẹni pé nǹkan kan náà ló ń ṣẹlẹ̀, síbẹ̀ kì í sú etí.

## Ṣé nǹkan òkùnkùn wà níbẹ̀? Ṣé ó sì ń wo àìsàn?

Ìbẹ̀rù tí oníbàárà yẹn sọ nípa fíìmù ní ìdí. Ohùn kan wà tó máa ń lọ sílẹ̀, tó ń dún lọ láìyí padà, bíi ti trànsífọ́mà òpó iná lóru. Drone ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó ń ṣe fíìmù máa ń fi sí ibi tí ẹ̀rù wà, etí wa sì ti kọ́ láti máa bẹ̀rù tó bá gbọ́ ọ. Ohùn yẹn kan náà ló wà lábẹ́ àdúrà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ìrántí tiwa ló ń dẹ́rù bà wá.

Òdìkejì ìbẹ̀rù yìí ló ń kọ mí lóminú jù. Àwọn fídíò kan wà tó ń pariwo pé orin 432 Hz ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ń wo àtọ̀gbẹ. Hz ni iye ìgbà tí nǹkan gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Káàkiri ayé, 440 ni wọ́n fi ń yí ohun èlò orin bọ́ sípò; 432 kàn lọ sílẹ̀ díẹ̀ sí i ni. Kò sí ẹ̀rí pé ó ń wo àìsàn kankan. Orin jẹ́jẹ́ lè mú ara balẹ̀, ó sì lè bá ẹni tí oorun ń sá fún ṣe é. Ó parí síbẹ̀. Ẹni tí dókítà bá fún lóògùn, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe tìtorí orin pa á tì.

## Báwo la ṣe ń wá èyí tó dára?

Àṣìṣe tí gbogbo wa kọ́kọ́ ń ṣe ni pé a máa ń kọ “orin ìsinmi” tàbí “orin oorun” sórí YouTube. Ohun tó máa gbé jáde ni fídíò wákàtí mẹ́jọ tó ní àwòrán òkè àti òṣùpá, tí kò sì sí orúkọ ẹni tó ṣe é níbẹ̀. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ló hun ún, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé tí ọ̀kan bá tiẹ̀ dùn mọ́ yín, kò sí ibi tí ẹ lè gbà dé òmíràn. Ẹ kì í rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ kì í rí àbúrò rẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara orúkọ ènìyàn kan, kí ẹ wá béèrè pé ta ló bá a ṣiṣẹ́, ta ló gbé àwo rẹ̀ jáde, àwọn wo ló sì rà á. Ẹ ó rí bí ọ̀nà ṣe máa ń ṣí. Eno ń kọjá lọ ní Washington Square Park ní New York, ó gbọ́ ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tó ń ta zither, ohun èlò olókùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó so mọ́ iná. Ọkùnrin náà ni Laraaji. Wọ́n jọ ṣe àwo kan tó jáde lọ́dún 1980, ó sì mọ́lẹ̀ bí oòrùn orí omi. Láti ọ̀dọ̀ Eno ni ẹ ti lè dé Japan náà, níbi tí Hiroshi Yoshimura ti ṣe orin kíbọ́ọ̀dù kékeré mẹ́sàn-án lọ́dún 1982, ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ bíi káàdì tí ènìyàn fi ránṣẹ́ láti ìrìn àjò.

Ilé tó ń gbé àwo jáde tiẹ̀ ṣe pàtàkì ju olórin lọ nígbà mìíràn, torí ẹni tó ní ilé náà ní etí kan tó fi ń yan nǹkan. Ilé kan wà tó ń jẹ́ Awesome Tapes from Africa. Lọ́dún 2013 ó tún gbé kásẹ́ẹ̀tì 1985 ti Hailu Mergia jáde. Ará Etiópíà ni Mergia. Ó pa àkódíọ́nì pọ̀ mọ́ synthesizer, orin ìbílẹ̀ wọn wá ń léfòó. Takisí ló ń wa ní Washington lásìkò tí wọ́n wá a rí. Ẹ wá Francis Bebey ti Kamẹrúùnù náà, tó fi ẹ̀rọ sábẹ́ sanza. Ẹni tó bá mọ agídìgbo máa mọ sanza lójú ẹsẹ̀.

Ti pé àwọn wo ló rà á, Bandcamp, ìkànnì tí àwọn olórin ti ń ta àwo wọn, ló dára jù fún un. Ó ti wà láti 2008. Ẹ lè gbọ́ àwo kí ẹ tó rà á, ẹ lè fi orúkọ ìlú wá orin, àwọn tó rà á sì wà lábẹ́ àwo kọ̀ọ̀kan. Ẹ tẹ ọ̀kan nínú wọn, ẹ ó rí gbogbo ohun tí ẹni náà ní. Ó dà bíi kí ènìyàn pè ọ́ wá sílé kó sì fi àpótí àwo rẹ̀ hàn ọ́. Ọ̀nà yìí ni mo fi rí púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ràn jù. Ẹ gbọ́ Emeka Ogboh níbẹ̀: nínú àwo rẹ̀ ti 2021, ohùn Èkó gan-an, àwọn kọndọ́ tó ń pe ọkọ̀, ló fi ṣe okùn tó hun orin mọ́.

Tí ẹ bá fẹ́ kí ẹlòmíràn bá yín yàn, rédíò orí íntánẹ́ẹ̀tì wà. SomaFM ti wà láti 2000, kò ní ìpolówó, ẹ̀ka rẹ̀ tó ń jẹ́ Drone Zone kì í sì fi ìlù yọ yín lẹ́nu. NTS ní London máa ń kọ orúkọ orin tí wọ́n lò sílẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé orúkọ là ń wá. Ní ti dátà: rédíò tó ń ṣàn ní kílóbíìtì 128 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan máa jẹ bíi MB 58 ní wákàtí kan. Tí ẹ bá rí ti 32, ó máa jẹ bíi MB 14. Fídíò máa ń jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, torí náà ẹ má fi YouTube gbọ́ orin tí kò ní ohun tí ẹ máa wò.

## Báwo la ṣe ń gbọ́ ọ?

Ẹ dín ohùn rẹ̀ kù ju bó ṣe ń wù yín lọ. Ẹ fi ọwọ́ ṣe nǹkan mìíràn. Ẹ má dá a lẹ́jọ́ kó tó pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakodò, kùrukùru bo ọ̀sà débi pé a ò rí etí omi. Mo fi íápíìsì sétí, mo tan ọ̀kan nínú orin wọ̀nyí. Ẹ́ńjìnnì gbé e mì pátá. Mi ò tiẹ̀ rántí rẹ̀ mọ́. Mo ń wo ìyá tó jókòó níwájú mi tó fi ìborùn bo ọmọ rẹ̀ nítorí otútù. Bí a ṣe ń sún mọ́ ẹ̀bá, awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ ń léfòó lọ fúnra rẹ̀, omi ń lá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, orin náà sì wà níbẹ̀. Kò dúró dè mí, kò sì lọ. Mi ò mọ ibi tó ti parí àti ibi tí omi ti bẹ̀rẹ̀ títí a fi gúnlẹ̀.

Mo ti kó mẹ́ta sórí fóònù màmá aránṣọ báyìí. Ti Ogboh ò bá a lára mu, ó ní òun ti gbọ́ kọndọ́ tó láàárọ̀. Mergia ló ń tàn tó bá ń gé aṣọ. Yoshimura ló fi ń rán bọ́tìnì, nígbà tí ẹ̀rọ bá dákẹ́ tó jẹ́ abẹ́rẹ́ àti ọwọ́ nìkan ló kù. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó ní kí n kọ orúkọ wọn sílẹ̀ kí òun lè fi ránṣẹ́ sí ọmọ òun. Ó ṣí ìwé tó fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ oníbàárà, mo sì kọ Yoshimura sábẹ́ èjìká 17, apá 24.